Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Gbénga Adébóyè àti Iṣẹ́ Òṣèré Orí Asọ̀rọ̀mágbèsì

1.0 Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá ka ohun tí àwọn onílámèyítọ́ ti kọ lórí eré oníṣe Yorùbá, yóò rí i pé eré orí ìtàgé ni ó gba ojú ewé tí ó pọ̀ jù. J. A. Adédèjì tọ́pasẹ̀ eré Alárìnjó nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí ó ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1969. Ẹbùn Clark kọ odidi ìwé lórí Hubert Ògúndé ní ọdún 1979. Bíọ́dún Jéyífò sì gbé iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ eléré arìnrìn-àjò yẹ̀ wò ní ọdún 1984. Nínú àwọn iṣẹ́ pàtàkì wọ̀nyí, ẹni tí a ń fi ojú rí ni òṣèré. Aṣọ rẹ̀, ijó rẹ̀, ìrìn rẹ̀ àti bí ó ti ń lo ojú rẹ̀ wà lára ohun tí a fi ń mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti tó. Òṣèré orí rédíò kò ní ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Nítorí náà, bí wọ́n bá tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí aláwàdà ni wọn yóò dárúkọ rẹ̀, tàbí gẹ́gẹ́ bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó pè é ní òṣèré.

Àpilẹ̀kọ yìí gbé iṣẹ́ Gbénga Adébóyè, tí ó gbé ayé láti ọdún 1959 sí ọdún 2003, yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òṣèré. Kókó tí ó dúró lé kò ju ẹyọ kan lọ: rédíò gba ojú lọ́wọ́ òṣèré, ó sì gba èsì lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Gbénga Adébóyè kò rí ojú gbà padà, ṣùgbọ́n ó dá èsì padà sínú eré nípa fífi ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú ọ̀fun kan ṣoṣo. Lórí èyí ni ó yẹ kí á gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé ìwọ̀n, kì í ṣe lórí iye ènìyàn tí ó pa lẹ́rìn-ín. Àpilẹ̀kọ náà yóò tún bèèrè ìbéèrè kan tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: ǹjẹ́ èsì tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lè jẹ́ èsì tòótọ́?

2.0 Ohun tí Asọ̀rọ̀mágbèsì Gbà lọ́wọ́ Òṣèré

Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ohùn tí ó ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù kiri inú ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Ètò náà dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Àpótí tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri ni ó ń sọ̀rọ̀. Ohun tí wáyà bá gbé wá ni onílé yóò gbọ́. Orúkọ tí àwọn Yorùbá fún ẹ̀rọ náà kò kù síbì kan: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹni tí ó fún un ní orúkọ yìí kò yìn ín, kò sì bú u. Ohun tí ó ṣàkíyèsí ni ó sọ, pé ẹ̀rọ yìí ń ṣe ohun kan tí ọmọlúàbí kì í ṣe: ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kò sì dúró gbọ́ ohun tí ènìyàn ní í sọ.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959, ẹ̀rọ tuntun náà gba orúkọ mìíràn, amóhùnmáwòrán. Ó yẹ kí á fi orúkọ méjèèjì wé ara wọn. Ohun tí ẹ̀rọ kejì mú wá ni wọ́n fi pè é; ohun tí ẹ̀rọ kìíní kò lè ṣe ni wọ́n fi pe òun. Àléébù rédíò ni orúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá ṣeré lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àléébù yẹn wọ̀yá ìjà.

Àléébù náà jinlẹ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ, nítorí pé lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ fàyè gba ọ̀rọ̀ tí kò ní èsì. Apàlọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ ìtàn kí àwọn ọmọdé tó dá a lóhùn. Bí orin bá dé, àwọn ni yóò gbè é. Adébóyè Babalọlá fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá, tí ó jáde ní ọdún 1966, pé oníjàálá tí ó bá ń sun ìjálá láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lè dá òun dúró bí òun bá ṣi oríkì pè, kí ẹlòmíràn sì gbà á lẹ́nu òun. Èsì ni ó ń ṣọ́ iṣẹ́ ọnà, òun náà ni ó ń tì í síwájú. Yorùbá tún ní òwe kan tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n: ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kì í pé bí àwọn tí ń sọ ọ́ kò bá rí ojú ara wọn.

A lè fi Moses Ọláìyá, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ṣe òdiwọ̀n. Kí Bàbá Sàlá tó la ẹnu rẹ̀, ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀: awò ńlá tí ó wà lójú rẹ̀, agogo tí ó fi kọ́rùn, aṣọ tí kò bá ara rẹ̀ mu. Ojú òǹwòran ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún un. Bí wọ́n bá pa iná ìtàgé, ìdajì àwàdà Bàbá Sàlá yóò bá òkùnkùn lọ. Inú òkùnkùn yìí gan-an ni òṣèré orí rédíò ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Kò ní awò, kò ní agogo. Bí ó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kò sí lórí ìtàgé mọ́.

3.0 Ìgbésí-ayé àti Iṣẹ́ Gbénga Adébóyè

Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1959 ni wọ́n bí Elijah Olúwagbémiga Adébóyè. Ọmọ Òde-Òmu ni, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Ọ̀ṣun lónìí. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ìbí rẹ̀ ni WNTV bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìgbà amóhùnmáwòrán ni ó dàgbà sí. Bí ó bá fẹ́ ṣe ìṣeré tí ojú ń rí, ọ̀nà wà. Síbẹ̀, rédíò ni ó fi gba orúkọ. Ó jẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ó jẹ́ atọ́kùn ètò níbi ayẹyẹ, ó jẹ́ olórin, ó sì jẹ́ aláwàdà. Ó ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ń rà lọ́jà, òkìkí rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 2003 ni ó kú, lẹ́yìn àìsàn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni.

Ìgbà tí ó ṣe iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Kí òfin ọdún 1992 tó fàyè gba aládàáni láti dá ilé-iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, ìjọba ni ó ni gbogbo ilé-iṣẹ́ rédíò ní orílẹ̀-èdè yìí. Ìjọba ológun sì ni ó wà lórí oyè láti ìparí ọdún 1983 títí di ọdún 1999. Èyí túmọ̀ sí pé ohùn tí ń ti inú àpótí jáde ní ìgbà náà jẹ́ ohùn aláṣẹ ní ọ̀nà méjì. Ẹ̀rọ tí kì í gba èsì ni, ìjọba tí kò fẹ́ èsì ni ó sì ni ín. Àpilẹ̀kọ yìí kò sọ pé Gbénga Adébóyè gbógun ti ìjọba. Iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ibẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé nígbà tí ohùn ilẹ̀ wa lórí afẹ́fẹ́ jẹ́ ohùn kan, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, àwọn ohùn náà sì ń dá ara wọn lóhùn. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú eré bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìròyìn aago méje yóò mọ̀ pé ayé ti yí padà díẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì náà ní ipa tirẹ̀. Ó bọ́ òṣèré lọ́wọ́ aago ilé-iṣẹ́ rédíò. Eré tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni à bá gbọ́ ọ, olùgbọ́ lè yí i padà sẹ́yìn, kí ó tún un gbọ́, kí ó há a sórí, kí ó sì máa sín in jẹ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Níbi tí olùgbọ́ bá ti ń sín ohùn Fúnwọntán jẹ, ó ti di elégbè.

4.0 Ọ̀fun gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀kú

Àwọn ẹ̀dá-ìtàn tí wọ́n mọ̀ mọ́ Gbénga Adébóyè jù ni Fúnwọntán, Láìsì Abéṣùpínlẹ̀, Ìtú Bàbá Ìta àti Aláyé mi Gbéngúlò. Wọn kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ lásán. Ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tí olùgbọ́ mọ ohùn ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀ bí ó ti mọ ohùn àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn.

Ọgbọ́n tí ó lò kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá bí a bá mọ ibi tí a ó wò. Egúngún apidán, tí Adédèjì ṣàlàyé iṣẹ́ wọn, a máa wọ inú ẹ̀kú, kí ó tó pẹ́ ó ti di òjòlá, ó tún ti di ọ̀nì. Òǹwòran mọ̀ pé ẹnìkan náà ni ó wà lábẹ́ aṣọ. Ìmọ̀ náà gan-an ni ó ń mú kí idán dùn. Ọ̀fun ni Gbénga Adébóyè fi ṣe ẹ̀kú. Olùgbọ́ rẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan ni, síbẹ̀ ènìyàn púpọ̀ ni ó ń gbọ́, kò sì sí ìgbà tí ìmọ̀ kìíní ba adùn èkejì jẹ́. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ìdílé tí òṣèré orí rédíò yìí ti wá, ọ̀dọ̀ apidán ni kí á kọ́kọ́ yà sí kí á tó yà sí ọ̀dọ̀ àwọn eléré orí ìtàgé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni irú òṣèré bẹ́ẹ̀ lè gbà fi ohùn ṣẹ̀dá ènìyàn. Ìkíní ni ẹ̀ka-èdè. Ará Ìbàdàn tí kò lọ́ ahọ́n rẹ̀ yóò fi ‘s’ sí ipò ‘ṣ’. Ará Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà yóò pe ilé ní ulé. Ìró ẹyọ kan ti tó láti sọ ìlú ènìyàn fún olùgbọ́, bí ilà ojú ti máa ń sọ ọ́ nígbà àtijọ́. Lórí rédíò, ẹ̀ka-èdè ni ilà ojú.

Ìkejì ni èdè iṣẹ́ àti èdè ẹ̀sìn. Bí àlùfáà ti ń pe ọ̀rọ̀ ní mọ́ṣáláṣí yàtọ̀ sí bí pásítọ̀ ti ń pè é lórí pẹpẹ, bí babaláwo ti ń pè é nídìí ọpọ́n sì yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Gbénga Adébóyè mọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú orúkọ tí ó fún ara rẹ̀: Alhaji Pastor Olúwo. Orúkọ mìíràn tí ó lò, Oduology, ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ó mú odù Ifá, ó so ìrù ìmọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn nídìí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni yóò wá bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ìmọ̀ Ifá kò fi ní irú ìrù bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Ìkẹta ni gíga àti ìyára ohùn. Níhìn-ín ni iṣẹ́ òṣèré Yorùbá ti le ju ti òṣèré tí ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣeré. Òṣèré elédè Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ohùn sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbi tí ó bá wù ú, kí ọ̀rọ̀ náà má sì di ọ̀rọ̀ mìíràn. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Igbá tí a fi ń bu omi, igba tí a ń kà, ìgbà tí ń kọjá lọ àti ìgbá tí a ń jẹ kò ní ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu ju ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ lọ. Bí òṣèré bá fẹ́ fi ohùn tín-ín-rín sọ̀rọ̀ bí arúgbó, odidi àkàbà ohùn náà ni yóò gbé sókè, kí àlàfo tí ó wà láàárín àtẹ̀gùn kan àti èkejì má ṣe dínkù. Bí àlàfo náà bá pa dé, ọ̀rọ̀ yóò dàrú mọ́ olùgbọ́ lọ́wọ́, kò sì sí ojú tàbí ọwọ́ tí yóò bá a túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe èyí fún ẹ̀dá-ìtàn mẹ́rin nínú eré kan, tí ó ń fò láti orí àkàbà kan bọ́ sórí òmíràn láìsinmi, kì í ṣe aláwàdà lásán. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń fi ìwé ṣàlàyé ni ó ń fi ọ̀fun ṣe.

4.1 Àwọn tí ó ń gbọ́

Ó yẹ kí á bèèrè ìdí tí irú iṣẹ́ yìí fi rí ibi dúró sí ní Èkó. Ìdáhùn kan wà nínú bí ìlú náà ti ń kó ènìyàn jọ. A lè mú Jakande Estate ní Ìlasan, ní apá Lẹ́kí, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó wà lára àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí a mọ̀ mọ́ Lateef Jakande, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1979 sí ọdún 1983. Nígbà tí ìjọba ológun wó Màrókò lulẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1990, Ìlasan àti Ìkọ́tà wà lára ibi tí wọ́n kó díẹ̀ nínú àwọn tí ilé wọn wó lọ. Nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé kan kò mọ ibi tí àwọn ará ilé kejì ti wá. Ìlàjẹ lè múlé gbe Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gùn lè múlé gbe Ọ̀yọ́, kí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì sì jọ máa lo àtẹ̀gùn kan. Ògiri kò nípọn tó láti dá ohùn dúró. Rédíò ẹnìkan ti di rédíò gbogbo ilé.

Fún olùgbọ́ tí ó ń gbé irú ibẹ̀, eré tí ẹnìkan ti ń sọ ẹ̀ka-èdè púpọ̀ kì í ṣe àrà. Àwòrán ilé tirẹ̀ ni. Àwọn ohùn tí ó ń gbọ́ láti ara ògiri ní òwúrọ̀ ni ó tún ń gbọ́ láti inú àpótí ní alẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nínú àpótí, àwọn ohùn náà ń dúró gbọ́ ara wọn. Eré Gbénga Adébóyè fi ohun tí kò dájú nínú ìgbé-ayé han olùgbọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣeé ṣe, èyí sì wà lára iṣẹ́ tí eré oníṣe wà fún.

5.0 Ẹ̀rín Ta Ni?

Iṣẹ́ lámèyítọ́ kò pé bí kò bá tún wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Àríwísí méjì ni ó ṣe pàtàkì.

Ti àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí ó ń sín ẹlòmíràn jẹ lè máa fi í ṣẹ̀sín. Ìtàn eré orí rédíò ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1928, àwọn aláwọ̀ funfun méjì, Freeman Gosden àti Charles Correll, bẹ̀rẹ̀ eré tí wọ́n pè ní Amos 'n' Andy ní ìlú Chicago. Àwọn méjèèjì náà fi ohùn wọn ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dá-ìtàn, ọgbọ́n ọ̀fun wọn kò sì kéré. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú ni àwọn ẹ̀dá-ìtàn náà. Ní ọdún 1931, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń jẹ́ Pittsburgh Courier bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbuwọ́lù àwọn ènìyàn láti fi ta ko eré náà. Ohun tí ó bí wọn nínú kì í ṣe pé àwọn òṣèré náà kò mọ iṣẹ́. Ohun tí ó bí wọn nínú ni pé àwọn tí wọ́n ń sín jẹ kò ní ẹ̀rọ tí wọn yóò fi dáhùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni lójú tiwọn náà, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ yẹn.

Ǹjẹ́ Gbénga Adébóyè bọ́ nínú ẹ̀sùn yìí? Kò bọ́ pátápátá. Bí ohùn ará oko tàbí ti ẹni tí kò kàwé bá ń fa ẹ̀rín kí ó tó sọ ohunkóhun, àwàdà náà ti rọrùn jù, olùgbọ́ tí ó jẹ́ ará oko sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Àwàdà orí rédíò Yorùbá lápapọ̀ jẹ̀bi èyí lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà kò sì yọ sílẹ̀. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tí kò ṣeé fojú fò. Gosden àti Correll kò fi ara wọn kún àwọn tí à ń fi rẹ́rìn-ín. Gbénga Adébóyè fi orúkọ ara rẹ̀ kún un. Inú orúkọ Gbénga ni Gbéngúlò ti jáde. Kò jókòó sí ìta àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ láti máa nàka sí wọn. Bí ó ti rí nínú ẹ̀fẹ̀ nìyí nílẹ̀ Yorùbá: a kì í sábà gbà fún ẹlẹ́fẹ̀ tí kò ní bu díẹ̀ sí ara tirẹ̀.

Àríwísí kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń rò, tí òun náà ni ó ń fèsì, a jẹ́ pé ẹjọ́ ẹnìkan ni. Kí á wo ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí fún àfiwé. Eré wọn, Kóòtù Aṣípa, tí àwọn ènìyàn ń wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí NTA Ìbàdàn, dúró lórí ìgbẹ́jọ́. Karin Barber, tí ó bá ẹgbẹ́ náà ṣeré, tí ó sì tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ wọn ní ọdún 2000, fi yé wa pé àwọn òṣèré náà kì í há ọ̀rọ̀ sórí láti inú ìwé. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ó ń wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀, tí ó sì ń sọ ọ́ di púpọ̀ bí eré ti ń lọ. Níbẹ̀, èsì lè ya ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lẹ́nu, nítorí pé orí mìíràn ni ó ti jáde. Kò sí ẹni tí ó lè ya Gbénga Adébóyè lẹ́nu nínú eré rẹ̀ àfi òun fúnra rẹ̀. Ohun tí ó pàdánù nìyí, kò sì kéré.

Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé kí a má gbẹ́jọ́. Ó sọ pé kí a gbọ́ tẹnu olùfisùn, kí a sì gbọ́ tẹnu olùjẹ́jọ́. Ohun tí ó yẹ kí á wò nínú eré ẹlẹ́nìkan ni bóyá òṣèré fún ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó lágbára láti sọ. Lórí ìwọ̀n yìí, Alhaji Pastor Olúwo ni ẹ̀rí tí ó dára jù tí iṣẹ́ Gbénga Adébóyè ní. Kìrìsìtẹ́nì ni, ó sì kọ orin ẹ̀mí. Bí ó bá fẹ́, ó lè sọ àlùfáà di òmùgọ̀, kí ó sọ babaláwo di ọ̀dàlẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí pásítọ̀ nìkan jàre. Orúkọ náà kò gbà fún un. Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ipò kan, láìfi ìkankan ṣe ẹrú èkejì, ó sì fi gbogbo wọn sórí ẹnìkan tí kò ní orí méjì. Ní orílẹ̀-èdè tí ẹ̀sìn ti ń dá ìjà sílẹ̀, kí Yorùbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ gbọ́ ohùn ara wọn láti ẹnu ẹnìkan, kí gbogbo wọn sì jọ rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ohun kékeré. Èsì náà kì í ṣe èsì orí mìíràn lóòótọ́. Èsì tí ó ṣe òdodo sí orí mìíràn ni.

6.0 Ẹyin Lohùn

Yorùbá ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Òwe yìí ń kìlọ̀ fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ó lè kìlọ̀ fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa pẹ̀lú. Iṣẹ́ òṣèré orí ìtàgé a máa fi ìwé eré, fọ́tò àti fíìmù sílẹ̀. Ti òṣèré orí rédíò kò fi nǹkan kan sílẹ̀ ju ohùn lọ, ohùn tí a gbé sáfẹ́fẹ́ láìgbà á sílẹ̀ sì ti fọ́. Gbénga Adébóyè ṣoríire ju ọ̀pọ̀ lọ, nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì gba díẹ̀ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, àwọn olùfẹ́ rẹ̀ sì ti gbé lára rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní kásẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ohun tí ó kọjá lórí rédíò. Okùn inú kásẹ́ẹ̀tì náà a sì máa gbó, ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa a sì máa bà á jẹ́.

Ìṣòro kejì ni ọ̀nà tí a ń gbà kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá da eré Gbénga Adébóyè kọ bí a ti ń da àlọ́ kọ, ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò wà lórí ìwé. Ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé àwàdà tí kò jinlẹ̀ ni. Ẹ̀ka-èdè, gíga ohùn, ìyára, ìdákẹ́jẹ́ àti ibi tí ohùn kan ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èkejì ni eré náà gan-an. Ìwé tí kò bá ní àmì fún wọn ti gé orí eré, ó wá ń sin òkú rẹ̀. Àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ìjálá àti rárà ti ní irú ìṣòro yìí rí. Ọ̀nà tí wọ́n là wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ tọ̀ ọ́.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé òṣèré orí rédíò kì í ṣe òṣèré orí ìtàgé tí wọ́n gba ara lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀, apidán ni ó bá tan, èdè olóhùn tí ó fi ń ṣiṣẹ́ sì fún un ní ìṣòro tí òṣèré ilẹ̀ mìíràn kò ní. Gbénga Adébóyè bá ẹ̀rọ kan tí kì í gba èsì nílẹ̀, ó fi èsì sí i lẹ́nu. Èsì náà ní àléébù: ọ̀fun kan kò lè rọ́pò ẹgbẹ́ eléré, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń bọ́ sórí ẹni tí kò ní agbára láti dáhùn nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dára jù, ó fún àwọn tí kò gbọ́ ara wọn ní àyè láti gbọ́ ara wọn.

Ohun tí ó kù fún àwọn onílámèyítọ́ ni kí wọ́n fi etí ṣe ohun tí wọ́n ti ń fi ojú ṣe. Kí a kà kásẹ́ẹ̀tì sí ìwé eré, kí a dà á kọ pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ẹ̀ka-èdè, kí a sì fi orúkọ òṣèré sí i kí okùn náà tó gbó tán. Òótọ́ ni pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì ti dé, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ti kọjá ní ilẹ̀ Yorùbá tí ojú kò rí, tí etí nìkan jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí náà kò bá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, kò ní sí ẹni tí yóò gbà gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà wáyé.